Ìgbésí Ayé Bàbá Veit Pröschel, Ẹni Tí Kò Jẹ́ Kí Ẹran Ọjà Wọ Ilé

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹta ọdún 1935, ní ìlú Nuremberg, ni a bí Bàbá wa, Veit Adelhard Pröschel. Kaspar Pröschel, tí ń wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ni bàbá tó bí wọn. Babette, ọmọ ìdílé Lämmlein láti abúlé Schilfbach, ni ìyá. Àwọn Pröschel kò ní ilẹ̀, wọn kò sì purọ́ pé àwọn ní. Àwọn Lämmlein ni ó ní adágún ẹja kan lẹ́yìn ilé, èyí tí ọmọdé lè ju òkúta kọjá rẹ̀, wọ́n sì ń fi yangàn bí ẹni pé òkun ni. Bàbá kò jogún ohunkóhun lọ́dọ̀ Pröschel ju orúkọ lọ. Lọ́dọ̀ Lämmlein, wọ́n jogún adágún, wọ́n sì jogún yíyangàn.

Ọdún 1943 ni wọ́n mú Kaspar lọ sójú ogun, kò sì padà. Ó ku Babette pẹ̀lú ọmọ méjì: Bàbá wa, àti àbúrò wọn obìnrin tó ń jẹ́ Elsbeth. Òtútù tó mú láti ìparí ọdún 1946 wọ ọdún 1947 kò ṣe é rò. Ẹni tó ti dáyé nígbà náà kò fẹ́ kí a rán òun létí. Ẹni tí kò tíì dáyé, bí a bá rò ó fún un, yóò ní à ń sọ àsọdùn. Pélébé ìwé tí ìjọba fi ń pín oúnjẹ wà lọ́wọ́ Babette, ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe búrẹ́dì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àti ọmọkùnrin rẹ̀ tò síwájú ilé ìtajà fún wákàtí mẹ́rin. Nígbà tó ku ènìyàn mẹ́ta kí ó kàn wọ́n, ọlọ́jà yọ orí síta. "Ó tán o. Ẹ máa lọ sílé." Ó fa ilẹ̀kùn dé. Elsbeth kú ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ọdún 1947. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè kékeré yẹn ni Bàbá ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé lọ́jọ́ tí àwọn bá ní ilé tiwọn, ẹran tàbí ẹja tí wọn kò fi ọwọ́ ara wọn sìn kò ní wọ ibẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò ní máa wo ọwọ́ ọlọ́jà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá a máa jẹ́ ẹ̀jẹ́ lóríṣiríṣi. Òmíràn á ní òun yóò di ọ̀gágun, òmíràn á ní òun kò ní fẹ́yàwó láéláé. Ohun tó ya Bàbá sọ́tọ̀ ni pé wọ́n mú tiwọn ṣẹ. Ohun náà ló sì fà á tí ìwé yìí kò fi ní dùn ún kà dé òpin.

Nígbà tí yìnyín yọ́ lọ́dún náà, Babette fi Bàbá ránṣẹ́ sí Schilfbach, sọ́dọ̀ bàbá àgbà Lämmlein. Ẹja kápù ni àwọn ará ibẹ̀ ń sìn, ẹja abẹ̀yìn-gíga tí ń gbé inú ẹrẹ̀. Bàbá àgbà kọ́ wọn pé ní ìgbà òtútù kápù a máa sùn nísàlẹ̀ adágún, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ da oorun rẹ̀ rú. Wọ́n kọ́ wọn pé láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹrin nìkan ni à ń jẹ ẹ́. Wọ́n sì kọ́ wọn ní èyí tó ṣe pàtàkì jù, pé a kì í gbé kápù láti inú adágún bọ́ sínú ìkòkò. Inú omi mímọ́ ni à ń kọ́kọ́ fi sí fún ọjọ́ mélòó kan, láìfún un ní oúnjẹ, títí òórùn ẹrẹ̀ yóò fi kúrò nínú ẹran rẹ̀.

"Àlejò tó ti ọ̀nà jìn wá ni, ọmọ mi," ni bàbá àgbà máa ń wí. "Jẹ́ kó wẹ̀ ná kó tó jókòó sídìí tábìlì."

Bàbá, tí wọ́n ti ń sin ehoro nígbà náà, parí ilé-ìwé abúlé ní ọdún 1949. Ìwé tí olùkọ́ kọ nípa wọn ṣì wà lọ́wọ́ wa: "Ọmọ náà ní làákàyè. Òórùn ehoro ń bẹ lára rẹ̀." A kò rí ìdí tí a óò fi yọ gbólóhùn kejì kúrò. Ní ọdún 1950, wọ́n gbà wọ́n sí iṣẹ́ rélùwéè, níbi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀ ojú irin fún ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, tí ọkọ̀ kankan kò sì forí gbá òmíràn.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà ni Bàbá ti pàdé Màmá wa, Wiebke Maass. Ọmọ etí òkun àríwá ni Màmá, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń fi ọkọ̀ ojú omi pa ẹja ṣawa. Ogun lé àwọn àti ìyá wọn kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1945, ìkòkò kan ṣoṣo ni wọ́n gbé dání. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Màmá sọ̀kalẹ̀ sí ibi tí kì í ṣe ibi tí wọ́n ń lọ, ọkọ̀ mìíràn sì di wákàtí méjì sí i. Bàbá mú ẹyin sísè kan jáde nínú àpò.

"Ẹyin adìẹ mi ni," ni Bàbá wí. "Mo mọ adìẹ tó yé e."

"Ṣé adìẹ náà mọ̀ ọ́?" ni Màmá dá wọn lóhùn, wọ́n sì jẹ ẹyin náà.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ìjọ Luther ti Schilfbach ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún ọdún 1960. Bàbá kò fi ẹ̀jẹ́ wọn pamọ́ fún ìyàwó àfẹ́sọ́nà. A gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìgbéyàwó ni wọ́n ti là á.

"Ẹran nìkan ni, àbí ẹja náà wà níbẹ̀?" ni Màmá béèrè.

"Ẹja náà."

"Ẹja òkun ńkọ́?"

"Wiebke, ṣé òkun wà ní àgbàlá wa ni?"

Màmá rẹ́rìn-ín. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún wa pé àwọn rẹ́rìn-ín. Ọmọge ni wọ́n, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ń wá ìyàwó ni, pé yóò rọ̀ bó bá yá.

Kò rọ̀. Àgbàlá Bàbá di ohun tí àwọn ènìyàn ń ti abúlé mìíràn wá wò. Ilé ehoro mẹ́rìndínlógún wà lára ògiri, wọ́n gun orí ara wọn bí àpótí. Adìẹ ń jẹ̀ lábẹ́ igi ápù, pẹ́pẹ́yẹ wà lórí adágún, kápù sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ewé kábéèjì tí ilé kò jẹ, ehoro jẹ ẹ́. Ìgbẹ́ ehoro lọ sínú adágún láti bọ́ ohun tí ẹja ń jẹ. Ẹrẹ̀ adágún padà sí oko kábéèjì. Kò sí ohun tó ṣòfò. Bàbá máa ń fi ìka yí gbogbo rẹ̀ ká láfẹ́fẹ́ fún àlejò, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i? Òbìrìkìtì ni. Kò sí ibi tí ọlọ́jà lè gbà wọlé." Nígbà náà, Màmá ti wà nídìí ilé ehoro kẹsàn-án, wọ́n ń ko ìgbẹ́. Iṣẹ́ pín sí méjì nínú ilé wa: Màmá ń sìn wọ́n, Bàbá ń sọ̀rọ̀ nípa wọn.

Ọlọ́run fi ọmọ méjì jíǹkí wọn, Roswitha ní ọdún 1962 àti Ortwin ní ọdún 1965. Ebi kò pa àwọn ọmọ yìí rí, kódà fún ọjọ́ kan, kí gbogbo ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ni ọmọ ń jẹ́. Ortwin béèrè lọ́jọ́ kan ìdí tí wọn kò fi lè jẹ sọ́sééjì bí àwọn ẹgbẹ́ wọn.

"Sọ́sééjì?" ni Bàbá wí. "Ta ló mọ bàbá sọ́sééjì? Ta ló mọ ìyá rẹ̀?"

Àwọn ọmọ náà wá ọ̀nà ara wọn. Lẹ́yìn ilé ìjọ, ní àkókò ìsinmi ilé-ìwé, wọ́n ń fi itan ehoro kan gba sọ́sééjì méjì lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn. Bàbá kú láìmọ èyí. A jẹ́wọ́ rẹ̀ níhìn-ín kí ọkàn àwọn tó ṣe é lè fúyẹ́.

Láti ọdún 1971 títí di ọdún 2002, Bàbá ni ààrẹ Ẹgbẹ́ Olùsìn Ẹran Kékeré ti Schilfbach. Ehoro òmìrán, aláwọ̀ eérú, ni wọ́n ń gbé lọ síbi ìdíje, wọ́n á ti fi aṣọ tútù nu irun rẹ̀ láti ìdájí, wọ́n á sì máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ́nà tí wọn kì í gbà bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Bàbá pàṣẹ nígbà ayé wọn pé kí a kọ ọ́ sínú ìwé yìí pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n gba ipò kìíní. A ti wo ògiri, a ti wo àpótí, ìwé ẹ̀rí mẹ́ta ni a rí. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní mẹ́rin.

Nígbà ìkórè kọ̀ọ̀kan ni ààrẹ máa ń sọ̀rọ̀ níwájú ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ó sì máa ń parí síbì kan náà: "Láti àgbàlá mi sínú àwo mi! Kò sẹ́ni láàárín!"

"Ìyàwó rẹ wà láàárín, Veit!" ni Ọ̀gbẹ́ni Wendelin Stöcklein, aládùúgbò wa, máa ń ké láti ẹ̀yìn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ké e. Bàbá kò gbọ́ ọ rí.

A kò lè fo ti oṣù Kejì ọdún 1985. Oníwèé ìròyìn kan fẹ́ ya ẹgbẹ́ ní fọ́tò, Bàbá sì rò pé kò sí ibi tí yóò dára tó orí adágún, tó ti dì gbagidi. Wọ́n gbé tábìlì lọ sórí omi dídì, wọ́n gbé àgbá bíà kan, àwọn afọn-fèrè mẹ́fà sì tẹ̀ lé wọn. Màmá dúró létí bèbè.

"Bàbá Roswitha, ẹja ń sùn o."

"Wọ́n á gbọ́ orin, wọ́n á sùn dáadáa."

Fọ́tò náà dára. Ariwo àti ìró ẹsẹ̀ jí ẹja lójú oorun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ kiri nígbà tí kò sí oúnjẹ tí kò sì sí atẹ́gùn, okun tí wọ́n tọ́jú de òpin òtútù sì tán lára wọn. Nígbà tí yìnyín yọ́, gbogbo wọn léfòó, ikùn funfun lókè. Bàbá sọ fún ẹgbẹ́ pé ẹyẹ apẹja ló wá kó wọn jẹ.

"Mo rí ẹyẹ náà," ni Ọ̀gbẹ́ni Stöcklein wí. "Ó mu bíà, ó sì fọn fèrè."

Odindi ọdún kan kò sí ẹja nínú ilé. Nígbà tí Kérésìmesì dé, tí kò sí ilé kan ní Schilfbach tí kò dín kápù, Màmá dábàá pé kí àwọn gba ẹyọ kan lọ́wọ́ Stöcklein, ó ṣe tán, ọ̀fẹ́ ni yóò fún àwọn. Bàbá ní èyí tí kò ti ọwọ́ wọn wá kò ti ọwọ́ wọn wá. Ẹyin ni a jẹ ní Kérésìmesì yẹn, a sì kọrin.

Nípa ti ìgbàgbọ́, Bàbá kò pa ìsìn ọjọ́ Ìsinmi jẹ, orí àga kẹta lápá òsì sì ni tiwọn. Ohun kan ṣoṣo ni pásítọ̀ àtijọ́ kíyèsí: bí ìjọ bá ti dé "Fún wa ní oúnjẹ òòjọ́ wa lónìí," ẹnu Bàbá a dákẹ́, yóò sì tún ṣí ní gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Pásítọ̀ bi wọ́n léèrè. "Mi ò fẹ́ da Ọlọ́run láàmú ni," ni Bàbá wí. "Kó fún àwọn tí kò ní."

Nípa ti ìránlọ́wọ́ fún ará ìlú, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín mú wa jẹ gbèsè òtítọ́. Ní ọdún 1993 tí Ọ̀gbẹ́ni Stöcklein ṣẹ́ egungun ìbàdí, oṣù mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi ń bọ́ àwọn ehoro wọn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, àwọn fúnra wọn, láìrán ẹnikẹ́ni. Kò sí opó kan ní Schilfbach tí Bàbá kò gbé adìẹ fún rí. Bàbá mọ ebi lójú. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ebi wà nínú ilé kan, wọn kì í béèrè ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó gbé nǹkan lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ Màmá.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún, tí í ṣe ọjọ́ ìbí wọn, Màmá máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ni. Ọdún ń gorí ọdún, eyín kankan kò kúrò lẹ́nu Màmá, kò sì sí èyí tí wọ́n dí. Roswitha ti dàgbà kí ó tó pàdé wọn láìròtẹ́lẹ̀ létí ọjà ìlú, níwájú ìsọ̀ ẹlẹ́ja kan, tí wọ́n di ìrù ṣawa oníyọ̀ mú sókè pẹ̀lú àlùbọ́sà, tí wọ́n da orí sẹ́yìn, tí wọ́n sì pa ojú dé bí ẹni tí ń gbàdúrà.

"Má sọ fún bàbá rẹ," ni Màmá wí. "Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni."

Àrùn jẹjẹrẹ dé sí ikùn Màmá ní ọdún 2008. Nígbà tí oṣù Kẹfà fi máa parí, wọn kò lè jẹ ọbẹ̀ ehoro mọ́, wọn kò lè jẹ ẹyin, wàrà gan-an, bíbì ni wọ́n ń bì í. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje, Roswitha jókòó tì wọ́n.

"Màmá, kí ló ń wù yín jẹ? Ẹ sọ ohunkóhun."

"Ṣawa," ni wọ́n wí. "Èyí tó níyọ̀. Bí èyí tí ìyá mi máa ń kó sínú àgbá."

Roswitha ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ìlú. Màmá fẹ́ jẹ ṣawa."

"A ní ẹja."

"Bàbá, ṣawa ni wọ́n wí. Wọ́n ti ń jẹ nǹkan yín láti ọdún wo? Lónìí, ṣawa ni wọ́n fẹ́."

"Ẹja tó dára jù nínú adágún ni n óò mú fún un. Ṣé èmi ni n óò gbé ohun tí n kò mọ̀ sí ẹnu ìyá rẹ, nígbà tí ara rẹ̀ kò yá?"

"Oṣù Keje la wà! Ẹrẹ̀ ni yóò máa rùn!"

"Ìdí nìyẹn tí n óò fi fọ̀ ọ́. Ọjọ́ márùn-ún."

"Ẹ lọ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún!"

Ohùn Màmá ti inú yàrá jáde. "Ẹ má jà lórí mi. Roswitha, jókòó. Jẹ́ kó lọ mú ẹja rẹ̀." Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún ní, "Ọjọ́ márùn-ún kò pọ̀."

Roswitha gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Kò tíì lè ṣàlàyé fún ara rẹ̀ di òní olónìí ìdí tí ó fi gbé e sílẹ̀.

Bàbá wọ inú adágún tòun ti àwọ̀n, ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, omi dé wọn ní àyà. Wọ́n mú kápù kan tó ga bí àtẹ́lẹwọ́ méjì, wọ́n gbé e sínú ọpọ́n òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ooru mú, nítorí náà wọ́n ń pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́, láti inú kànga, garawa kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n gbé àga sídìí rẹ̀. Ẹni tó bá wá kí aláìsàn ni wọ́n ń mú lọ wo ẹja. "Ti Wiebke ni. Ẹ wò ó bí omi ṣe mọ́." Bàbá tí kò ko ìgbẹ́ ehoro kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbéyàwó fi ọwọ́ ara wọn gbọ́n omi títí àtẹ́lẹwọ́ fi bó. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí: ìfẹ́ ni. A kò rí Bàbá kí wọ́n fẹ́ràn ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí, ìfẹ́ náà sì wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, nígbà tí Màmá wà nínú ilé.

Lójoojúmọ́ ni Màmá ń béèrè. "Bàbá Roswitha, ó ti mọ́?"

"Ó ku díẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, "Ó ti mọ́?" "Ó ku díẹ̀." Lọ́jọ́ kẹta, ète Màmá ló ń mì, Bàbá sì dáhùn bí ẹni pé àwọn gbọ́. Lọ́jọ́ kẹrin, ọjọ́ kejìlá oṣù Keje, Màmá kò béèrè. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni Roswitha ṣí fèrèsé.

"Bàbá. Ẹ máa bọ̀. Wọ́n ti lọ."

Bàbá dúró pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n sọ kò ju ìwọ̀nyí lọ: "Ó ku ọ̀la."

A sin Màmá ní ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ẹja náà ṣì wà nínú ọpọ́n, ó ti mọ́ kọjá mímọ́. Nígbà tí a ti itẹ́ òkú dé, tí ènìyàn ń wọ ilé, Bàbá kò bọ́ kóòtù dúdú ọrùn wọn. Wọ́n ki ọwọ́ bọ inú ọpọ́n, wọ́n gbé ẹja sínú garawa, wọ́n sì kọrí sí adágún. Ọ̀gbẹ́ni Stöcklein, tí kò jẹ́ kí Bàbá kọjá rí láìfi ọ̀rọ̀ gún wọn, ṣí géètì fún wọn, wọ́n sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá da ẹja sínú ẹrẹ̀ padà.

Ọdún mẹ́wàá ni Bàbá tún lò. Wọ́n ń sìn, wọ́n ń pa, wọ́n sì ń pín gbogbo rẹ̀ fún ará abúlé. Pòtétò àti búrẹ́dì ni tiwọn. Kò sí ẹni tó bá wọn sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, nítorí Bàbá kì í dúró dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò lọ sí ìdíje mọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí wọ́n wá sọ̀rọ̀ ìkórè bí ti àtijọ́, wọ́n ní ọ̀fun ń dun àwọn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yìí, ẹsẹ̀ Bàbá kò gbé wọn mọ́, Roswitha sì gbé wọn lọ sílé ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ.

"Ohunkóhun tó bá wà lọ́jà," ni Bàbá wí.

Roswitha rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀.

"Mo mọ̀, ṣé o gbọ́?" ni Bàbá tún wí. "Nípa ti eyín ìyá rẹ."

"Kí lẹ mọ̀, Bàbá?"

"Ta ló lè fi òórùn ṣawa pamọ́? Lọ́dọọdún ni mo ń gbọ́ ọ lára rẹ̀. Mo máa ń bi í pé, 'Ṣé eyín náà dùn ọ́ púpọ̀?' Á ní, 'Ó ti lọ sílẹ̀.' "

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ nǹkan kan?"

"Tí mo bá sọ pé mo mọ̀, àfi kí n ní kó má lọ mọ́. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe é." Wọ́n fa aṣọ ìbora dé àyà. "Ó yẹ kí n ti sọ fún un pé kó máa gbé e bọ̀ wálé. Kó jẹ ẹ́ lórí tábìlì, kí n máa wò ó."

Ortwin dé láti Hamburg lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bàbá pe àwọn ọmọ méjèèjì sídìí bẹ́ẹ̀dì.

"Lọ́jọ́ ìsìnkú mi, ẹ má pa nǹkan kan nínú àgbàlá. Ẹ ra gbogbo rẹ̀."

"Gbogbo rẹ̀ kẹ̀, Bàbá?" ni Ortwin wí.

"Títí kan iyọ̀."

"Iyọ̀ kọ́ la ti ń rà tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ rà á sí i nígbà náà." Ìgbà yẹn la gbọ́ ẹ̀rín Bàbá kẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní: "Bí ọmọ yín bá sọ ohun tí ó fẹ́ jẹ, ẹ má sáré lọ sídìí adágún. Ẹ fún un."

Bàbá Veit Adelhard Pröschel papòdà ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Àwọn tí wọ́n fi sáyé lọ ni: Roswitha Amend àti ọkọ rẹ̀ Lothar, Ortwin Pröschel, àwọn ọmọ-ọmọ mẹ́ta, Franka, Silvan àti Tabea, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, Jonte, tó ń hu eyín lọ́wọ́lọ́wọ́, àti Ọ̀gbẹ́ni Wendelin Stöcklein, tí wọ́n kì í ṣe ẹbí, tí wọ́n jókòó lórí àga iwájú lónìí nítorí pé wọn kò gbà láti jókòó síbòmíràn. Ehoro méje àti adìẹ mọ́kànlá ti bá ẹni tó fẹ́ wọn lọ. A óò fa omi adágún gbẹ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe lóṣù Kẹwàá láti kó ẹja. Kò sí nínú wa ẹni tí yóò dá omi padà sí i. Ó dùn wá, a kò sì lè sọ pé kò dùn wá.

Lẹ́yìn ìsìn, ẹ bá wa yà sí gbọ̀ngàn ìjọ. Rírà ni a ra gbogbo ohun tí ẹ óò rí níbẹ̀: sọ́sééjì tí a kò mọ bàbá rẹ̀, adìẹ tí a kò mọ àgò tó ti jáde, àti ṣawa oníyọ̀ nínú abọ́ mẹ́ta. Àwọn méjì nínú wa ló lọ tò síwájú ìsọ̀ láti rà á, ó sì kàn wọ́n. Bàbá ní kí ẹ jẹ ẹ́ kó tẹ́ yín lọ́rùn.

Bàbá wa, ọ̀nà jìn, ẹ máa rọra rìn. Ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí ẹ bá wọn jẹ, ẹ má bi wọ́n léèrè ẹni tó sìn ín. Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ Màmá, tí wọ́n ní nǹkan kan ń wu àwọn, ẹ gbé e fún wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ sùn ún re o.